Èènì Tí Mo Fi Sí Oògùn Ọmọ

Ojúlé Kẹrìnlá,
Ẹ̀yìn Mọ́ṣáláṣí,
Agbowó, Ìbàdàn.
Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàlá, oṣù Bélú, ọdún 2025.

Àbúrò mi ọ̀wọ́n, Ràfátù Àbẹ̀kẹ́,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé orúnkún rẹ ti ń jẹ́ kí o kírun lórí ìdúró, àbí orí àga lo ṣì wà? Ọkọ rẹ Àkànmú ńkọ́, ṣé ikọ́ yẹn ti ń fi í sílẹ̀? Fàwáz, ọmọ ọmọ rẹ, ńkọ́, ṣé ó ń mójú tó ìwé rẹ̀? Mo kí gbogbo ilé ní Ìṣẹ́yìn. Ní tèmi, ara mi le. Kì í ṣe tìtorí ara mi ni mo ṣe kọ̀wé.

Tiwátọ́pẹ́, ọmọ Nasir ọmọ mi, wà ní ilé ìwòsàn ní Jericho láti ọjọ́ Ajé. Èmi ni mo fi oògùn gbé e débẹ̀. Má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ ọ́ fún ọ lọ́nà mìíràn. Ṣùkúrát, ìyàwó Nasir, tó bí ọmọ náà, òun ló ń kọ lẹ́tà yìí bí mo ṣe ń sọ ọ́. Olùkọ́ kan wà nínú ilé wa tí ì bá bá mi kọ ọ́, ṣùgbọ́n Ṣùkúrát ni mo bẹ̀, kí n má baà lè purọ́. Orí bẹ́ǹṣì la jókòó sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn ọmọ. Ó ń kọ ọ́, kò wo ojú mi.

O rántí pé gìrì mú ọmọ náà nígbà tó pé oṣù márùn-ún. Dókítà fún un ní oògùn olómi tí yóò máa lò láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n sì fún wa ní síríǹjì tí kò ní abẹ́rẹ́ tí a ó máa fi fà á. Dùgbẹ̀ ni Ṣùkúrát ti ń ṣiṣẹ́, o sì mọ bí ọ̀nà ibẹ̀ ṣe rí. Kí òun àti Nasir tó dé, àkókò oògùn ti kọjá. Èmi ni mo wá ń fún ọmọ. Ṣùkúrát sọ fún mi pé ọ̀kan pọ́ìntì mẹ́rin ni. Ó fi ọ̀dà pupa tó fi ń kun èékánná fa ìlà sára síríǹjì náà, ó ní ibẹ̀ ni kí n máa fà á dé. Oṣù kan gbáko ni mo fi fà á dé ibẹ̀, kò sí wàhálà.

Omi gbígbóná ni mo fi ń fọ síríǹjì náà. Ọ̀dà náà ṣí kúrò. Ó yẹ kí n ní kí Ṣùkúrát tún un fà. N kò sọ fún un. N kò fẹ́ kó mọ̀ pé n kò mọ àwọn ìlà kéékèèké ara rẹ̀ kà. Ọ̀kan àti méjì nìkan ni mo mọ̀, ara fóònù ni mo ti mọ̀ wọ́n. Mo ní ta ni yóò kọ́ mi ní wíwọ̀n, èmi tí mo fi ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n wọn ẹ̀wà ní Bódìjà? Àwa méjèèjì la jọ wọ̀n ọ́n, o mọ ìlànà wa. Kóńgò tí kò bá kún, a kì í tà á. Bó bá ku díẹ̀ kó kún, a ó bù kún un, a ó kó òkìtì lé e lórí, a ó tún bu èènì sí i. Ẹni tó bá fi ọwọ́ gbá orí kóńgò, ahun ni.

Oògùn yìí ju ọ̀kan lọ, kò tó méjì. Mo fi kún un. Mo fà á dé méjì, mo wá fi èènì díẹ̀ sí i, nítorí pé ọmọ mi ni, kì í ṣe oníbàárà. Ọjọ́ mẹ́fà ni mo fi ṣe bẹ́ẹ̀.

Ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í sùn. Inú mi dùn, mo ní oògùn ń ṣiṣẹ́. Nígbà tó di ọjọ́ Àìkú, kò fẹ́ mu ọmú mọ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ Ajé mo gbé e, ọrùn rẹ̀ ṣubú sẹ́yìn bíi ti ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ. Mo pè é, kò lajú. Mo gbá a mọ́ àyà, mo wọ ọkọ̀ tí mo kọ́kọ́ rí, mo ní Jericho. Bàtà ẹsẹ̀ kan ni mo wọ̀ débẹ̀.

Dókítà Oyèbọ́lá, tó kọ oògùn náà fún ọmọ níjọ́sí, ló gbà á lọ́wọ́ mi. Obìnrin ni, ọmọ tí mo bí lè bí i. Nígbà tí wọ́n ti fi omi sí ọmọ lára, tí òbí rẹ̀ méjèèjì sì ti dé, ó bu omi síwájú mi, ó ní kí n fi bí mo ṣe ń fa oògùn han òun. Mo fà á. Ó ní, "Màmá, ẹ tún un fà." Mo tún un fà, ibì kan náà ló dé. Ṣùkúrát fi ọwọ́ bo ẹnu. Nasir ní, "Ìyá, ẹ di ẹrù yín. Ní Sátidé, mo ń mú yín padà sí Ìṣẹ́yìn." Kò pariwo. Ì bá sàn fún mi kó pariwo.

N kò kàwé, ṣùgbọ́n n kì í ṣe òmùgọ̀. Mo ní kí dókítà ṣàlàyé rẹ̀. Ó ní kí n rò pé mo pín kóńgò kan sí ọ̀nà mẹ́wàá. Ọ̀kan pọ́ìntì mẹ́rin ni kóńgò kan tó pé, àti ìpín mẹ́rin péré nínú mẹ́wàá ti kejì. Mẹ́fà tó kù, kì í ṣe tèmi láti fi kún un. Ó ní bí ènìyàn bá tilẹ̀ fẹ́ sún un mọ́ odidi, nọ́ńbà tó tẹ̀lé pọ́ìntì ni yóò wò: bó bá tó márùn-ún, kó sún un sókè, bí kò bá tó, kó fi í sílẹ̀ nílẹ̀. Mẹ́rin kò tó márùn-ún. Ọ̀kan ni ì bá jẹ́. Èmi sọ ọ́ di méjì.

Ó tún ní nígbà tí òun fi ìwúwo ọmọ ṣírò oògùn náà, ọ̀kan pọ́ìntì mẹ́ta mẹ́fà ló jáde, mẹ́fà yẹn ló jẹ́ kí òun sọ mẹ́ta di mẹ́rin. Mo ní, "Ìwọ náà fi èènì sí i nìyẹn!" Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní tòun kò tó ìpín kan nínú mẹ́wàá, tèmi ju ìpín mẹ́fà lọ.

Wọ́n ń gba ẹ̀jẹ̀ ọmọ láti wo bí oògùn ṣe pọ̀ tó nínú rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ wálẹ̀ dé ogójì kí wọ́n tó lè dá wa sílẹ̀. Ní ọjọ́ Ajé, ó ju àádọ́ta lọ. Láàárọ̀ yìí, ogójì pọ́ìntì mẹ́rin ni. Nasir fò dìde, ó ti rẹ̀ ẹ́ láti máa sùn lórí àga. "Dókítà, ẹ̀yin lẹ kọ́ wa! Mẹ́rin kò tó márùn-ún. Ẹ sọ ọ́ nù, ogójì ni, ẹ jẹ́ ká máa lọ."

Mo ní, "Nasir, jókòó. Mo ti sún un lẹ́ẹ̀kan, a rí ibi tó gbé wa dé."

Dókítà ní òótọ́ ni mo sọ, pé ibi tí ààlà bá wà, a kì í sún nọ́ńbà mọ́ ọn, ṣe là ń dúró kó dé ibẹ̀. Nasir jókòó. Kò sọ pé ti Sátidé ti yẹ̀.

Ràfátù, ìwọ lò ń wọn oògùn ikọ́ fún Àkànmú, èènì ọwọ́ rẹ sì pọ̀ ju tèmi lọ. Ní kí Fàwáz fi ọ̀bẹ fa ìlà sára ife oògùn náà, má lo ọ̀dà. Bí ìlà bá pa rẹ́, béèrè. Má ṣe bí èmi.

Ọmọ lajú ní ọ̀sán yìí, ó mu ọmú díẹ̀. Kò tíì rẹ́rìn-ín. Lọ́la ni wọn yóò tún gba ẹ̀jẹ̀. N kò mọ ohun tí wọn yóò bá níbẹ̀.

Mo ní kí Ṣùkúrát kọ ọ́ síbí pé mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ òun. Ó gbé bírò sílẹ̀. Ó ní òun kò ní kọ ìyẹn, kí n wo ojú òun kí n sọ ọ́. Mo ti sọ ọ́. Ó mú síríǹjì nínú báàgì rẹ̀, ó gbé omi síwájú mi, ó ní, "Ìyá, ẹ fà á." Mo ka ìlà mẹ́rin lẹ́yìn ọ̀kan. Ọwọ́ mi fẹ́ tún fà díẹ̀ sí i. Mo dá a dúró. Ó gbé e síwájú fèrèsé, ó wò ó títí, ó ní, "Ó pé." Ó wá gbé bírò.

Kí Àkànmú fún mi, kí gbogbo ará Ìṣẹ́yìn. Bí o bá rí mi ní Sátidé, má béèrè ohunkóhun, ṣáà tẹ́ ẹní. Bí o kò bá rí mi, mọ̀ pé wọ́n ṣì fi ọmọ náà sí mi lọ́wọ́.

Èmi ni tìrẹ, ẹ̀gbọ́n rẹ,
Ìyá Nasir.
(Ìka mi ni mo tẹ̀ síbí.)