Èékánná Ìyá Rẹ àti Alùpùpù Tó Ń Jò

Kána, lẹ́bàá Bohíkọ̀n

Sẹ̀nami ọmọ mi,

Ṣé ara le? Ṣé Kútọnù ò jẹ ọ́ níyà? Kí Ọlọ́run máa ṣọ́ ọ lọ, kó máa ṣọ́ ọ bọ̀. Ewúrẹ́ ìyá rẹ ti bímọ, òjò sì ti rọ̀ sórí àgbàdo wa.

Kókù aládùúgbò wa fi àwòrán alùpùpù ìyá rẹ tó wà lọ́dọ̀ rẹ hàn mí lójú fóònù rẹ̀. Mo rí ọ́ìlì tó ń jò, mo sì fi àkísà nu ojú fóònù náà kí n lè mọ̀ bóyá ọ́ìlì tuntun ni. Kókù pariwo pé, Dáà, bàbá wa, ẹ rọra, gíláàsì ni! Ó ní mẹkáníìkì yín sọ pé ẹ́ńjìnnì ti kú, kí o tà á fún àwọn tó ń ra irin àlòkù. Jọ̀ọ́, má tà á. Orí rẹ̀ ni ìyá rẹ ti ń pọ̀n ọ́ lọ sọ́jà pẹ̀lú àpò gàrí.

Gásíkẹ́ẹ̀tì ni bébà líle tí a ń fi sáàárín irin méjì tí a dì pọ̀, kí ọ́ìlì má baà ríbi jáde. Tó bá pẹ́, ooru á sè é mọ́ irin bí oúnjẹ tó jóná nídìí ìkòkò. Ẹni tó bá fi tuntun lé àjókù yẹn, ọ́ìlì á tún jò. Ẹ́ńjìnnì náà ò kú, wọn ò ha á dáadáa ni.

Ìka tèmi ti yi jù láti mọ̀ bóyá irin ti mọ́. Nígbà tí mo ń tún ẹ́ńjìnnì ṣe, ìyá rẹ ló máa ń fi èékánná ọmọńdinrín rẹ̀ tọ́ ọ yípo. Á ní, Bàbá Sẹ̀nami, ó kù díẹ̀, àbí ebi ló ń pa yín? Látìgbà tó ti fi ayé sílẹ̀, kò sẹ́ni tó ń bú mi nídìí iṣẹ́ mọ́.

Nígbà tí mo wá rí i nínú àwòrán rẹ pé o dá èékánná mẹ́wẹ̀ẹ̀wá sí, mo ń sọ káàkiri pé ọmọ mi ju ìyá rẹ̀ lọ. Kókù rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀, ó ní ike ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ọ lọ́wọ́. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ike kì í ha irin lára bíi ṣísẹ́ẹ̀lì mẹkáníìkì yín.

Bí owó bá wà, fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́, kí n wá gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnnì náà. Ọwọ́ rẹ ò ní di òfo.

Èmi bàbá rẹ, Dòsú.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé: bí o bá ti tú irin méjèèjì, fi àkísà dí gbogbo ihò ẹ́ńjìnnì, fi kẹrosíìnì pa àjókù náà níbi tí kò sí iná, jẹ́ kó rọ̀, kí o fi èékánná ike rẹ ha á pẹ̀lẹ́. Ike ti ọmọńdinrín nìkan ni kí o ṣí kúrò. Fi èékánná tìrẹ gan-an tọ́ irin náà yípo. Bó bá kọ́ níbì kan, ó kù díẹ̀.