Kọ́kọ́rọ́ Tí Kì í Jáde, Abọ́ Tó Jáde Tí Kò Wálé

                                        Ojúlé Kẹrìnlá, Ẹ̀bá Odò,
                                        Amadi-Ama,
                                        Port Harcourt,
                                        Ìpínlẹ̀ Rivers.
                                        Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kẹwàá, ọdún 2024.

Ìyá Gafar, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Mo ti pé ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin. Mo fẹ́ kí o kọ́kọ́ mọ ìyẹn, nítorí pé mi ò fẹ́ ìmọ̀ràn. Mi ò fẹ́ tìrẹ, mi ò fẹ́ ti Gafar, mi ò sì fẹ́ ti àwọn ìyá tó máa ń jókòó síwájú ilé rẹ ní ìrọ̀lẹ́. Ká ní gààrí ni ìmọ̀ràn tí àwọn ọmọ mi ti fún mi lọ́dún yìí, mi ò bá ti lówó ju àwọn tó ń ta gààrí ní Isiokpo lọ. Ìròyìn ni mo fẹ́ fún ọ, ọ̀rọ̀ kan sì wà nídìí rẹ̀ tó kàn ọ́. Má sáré lọ síbẹ̀. Bẹ̀rẹ̀ láti òkè.

Ṣé àlàáfíà lo wà? Orúnkún rẹ ńkọ́, èyí tó máa ń mọ̀ pé òjò ń bọ̀ kí ojú ọ̀run tó mọ̀? Bàbá Gafar ńkọ́? Ṣé ó ṣì ń pàṣẹ fún àwọn adìyẹ bí ẹni pé ó ṣì wà ní bárékè? Gafar àti ìyàwó rẹ̀ ńkọ́, ṣé wọ́n ti parí ìjà ọjọ́sí, àbí òmíràn ti gorí rẹ̀? Àwa níbí dúpẹ́. Èéfín dúdú ò jẹ́ ká sá aṣọ funfun síta, odò ń rùn bó ṣe ń rùn nígbà tẹ́ ẹ wà níbí, ṣùgbọ́n a ń jẹ, a ń sùn, a sì ń bú ara wa.

O mọ ata díndín mi. Ìwọ lo máa ń bá mi gé àlùbọ́sà nígbà tí a jọ ń gbé ojúlé kan, tí ọkọ rẹ wà lẹ́nu iṣẹ́ ọlọ́pàá, tí tèmi wà ní kọ́sítọ́ọ̀mù. Láti ìgbà tí Bàbá Fọláhànmí ti lọ, ata náà ló ń bọ́ mi. Belema, ọmọ Okrika kan tó ń se oúnjẹ fún àwọn ọkọ̀ ojú omi tó ń lọ síbi tí wọ́n ti ń wa epo, òun ló ń kó o lọ́dọ̀ mi, kúlà mẹ́rin lóṣooṣù.

Ní oṣù Kẹjọ, kúlà méjì padà wá. Belema fúnra rẹ̀ ló rù wọ́n wọlé. Ó kúnlẹ̀ o, ọmọ náà lẹ́kọ̀ọ́, ó wá ní, “Mama, abeg no vex. Dis one no be your hand.” Ó ní èyí kì í ṣe ọwọ́ mi. Mo bú u, mo bú ìyá ọkọ rẹ̀ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n nígbà tó lọ tán, mo fi ìka tọ́ ọ wò. Òótọ́ ló sọ. Láti ìgbà tí ibà dá mi dùbúlẹ̀ ní oṣù Kẹfà, ọwọ́ ọ̀tún mi ti ń parọ́ fún mi. Lónìí á bu iyọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, lọ́la á gbàgbé irú. Ìwọ nìkan ni mo sọ èyí fún. Bí mo bá gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn, mo mọ ilé tó ti jáde.

Belema ní òun á tún fún mi láyè ẹ̀ẹ̀kan sí i. Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kejìdínlógún oṣù yìí, lọkọ̀ rẹ̀ máa gbéra. Bí ata náà bá rí bíi tàtijọ́, ọ̀dọ̀ mi náà lòun á ti máa rà á. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, òun á lọ máa rà á lọ́wọ́ Dọ̀tun.

Dọ̀tun! Ṣé o rántí rẹ̀? Ọmọ àbúrò ọkọ mi, èyí tó máa ń ṣí ìkòkò kó tó kí onílé. Ó ti di bàbá ọlọ́mọ mẹ́ta báyìí, ó ní ṣọ́ọ̀bù ní Alakahia, ó ń ta ata fún àwọn ọmọ yunifásítì. Ó lẹ ìwé mọ́ ara ìgò rẹ̀, ó kọ “Ata Ìdílé” sí i. Ìdílé ta ni? Ata náà pupa lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá jẹ ẹ́, bí ìgbà tí wọ́n bá bú ni láìnídìí ló ń rí lẹ́nu.

Fọláhànmí ọmọ mi, tó ń tọ́jú kọ̀ǹpútà ní báńkì, ló ní ká kọ bí mo ṣe ń ṣe ata náà sílẹ̀ kó tó bọ́ lórí mi. Mo ní mi ò kọ nǹkan kan sórí ìwé nínú ilé tí Dọ̀tun ń wọ̀. Ó ní kì í ṣe ìwé, pé òun á tì í mọ́nú kọ̀ǹpútà òun. Mo ní ṣé kọ̀ǹpútà náà ni wọn ò lè jí ni? Ibẹ̀ ló ti jókòó tì mí, tó là mí lóye.

Gbọ́ bó ṣe sọ ọ́. Nínú kọ̀ǹpútà yẹn, èérún kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní ṣíìpù, kò ju èékánná ọmọ tuntun lọ. Inú rẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ wà. Kọ́kọ́rọ́ náà kì í jáde. Wọn ò bí ẹni tó máa fà á jáde, Fọláhànmí tó ni ẹ̀rọ pàápàá ò rí i rí. Mo ní áà, ẹlẹ́hàá ni. Ó ní ẹlẹ́hàá gan-an ni, Màmá. Ìyá Gafar, bí àwọn ìyàwó Alùfáà tó wà lọ́dọ̀ yín ní Ọ̀fà: o ò lè pè é síta, ohun tó o bá fẹ́ kó bá ọ ṣe, ìwọ lo máa gbé e lọ bá a lẹ́nu ilẹ̀kùn rẹ̀. Bí wọ́n bá ti ti ọ̀rọ̀ kan pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ yẹn, ọ̀rọ̀ náà á di ràdàràdà, bí ibi tí adìyẹ fẹsẹ̀ họ. O lè fún gbogbo ayé. Kò sí kọ̀ǹpútà mìíràn lábẹ́ ọ̀run tó lè tú u, àfi èyí tí ẹlẹ́hàá yẹn ń gbé inú rẹ̀. Òun náà ò ní dáhùn, àfi tó bá gbọ́ nọ́ńbà àṣírí lẹ́nu ẹni tó ni ọ̀rọ̀.

Inú mi dùn bí ẹni tí wọ́n fi joyè. Ọjọ́ kejì la ṣe é. Fọláhànmí gbé òṣùwọ̀n kan wá, ó ní kí n máa wọn nǹkan kọ̀ọ̀kan kí òun mọ bó ṣe wúwo tó. Mo ní ṣé góòlù ni mò ń tà ni? Mo ní kó kọ ohun tí mo bá pè. Mo pè é bí ìyá mi ṣe pè é fún mi, ẹyọ ọ̀rọ̀ kan ò yẹ̀. Ó fajú ro, ṣùgbọ́n ó kọ ọ́. Nígbà tó kan nọ́ńbà, mo lé e jáde nínú yàrá ara rẹ̀, mo fi ìka kan tẹ̀ ẹ́. Má wulẹ̀ béèrè.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà di ràdàràdà tán, mo ní kí Fọláhànmí tẹ ràdàràdà náà sórí bébà fún mi. Ó ní kí ni mo fẹ́ fi ṣe. Mo ní kó ṣe é. Mo fi ìṣó kàn án mọ́ ògiri ilé ìdáná, lókè sítóòfù, níbi tí ojú Dọ̀tun máa ń kọ́kọ́ lọ.

Ọjọ́ Sátidé ló dé. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, “Màmá, ẹ kú ilé o,” ojú rẹ̀ ti wà lára ògiri kí àyà rẹ̀ tó kan ilẹ̀.

“Màmá, kí lèyí?”

“Ata mi ni. Gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀.”

“Màmá, mi ò rí ohun tó sọ.”

“Ṣebí ìwé mẹ́wàá lo kà? Èmi tí mo ka méjì ń kà á.”

Mo ní mò ń lọ wo àwọn adìyẹ lẹ́yìnkùlé. Ìyá Gafar, mo ka adìyẹ mẹ́fà lẹ́ẹ̀mẹrin kí ọmọkùnrin náà lè rí àyè ya fọ́tò rẹ̀ dáadáa! Mo tún ti gbé fíláàṣì kọ̀ǹpútà Fọláhànmí tí ràdàràdà kan náà wà nínú rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ iyọ̀. Nígbà tí mo wọlé, iyọ̀ wà níbẹ̀, fíláàṣì ti bá Dọ̀tun lọ. Mo ní kó kí ìyàwó.

Ọjọ́ kẹta, ó tún dé, ó ra ọsàn. Dọ̀tun tí kò ra ata ṣọ́ńbọ́ kan fún mi rí! Mo mọ̀ pé fíláàṣì náà ò ṣí fún un nílé. Ó ní òun fẹ́ fi kọ̀ǹpútà Fọláhànmí tẹ lẹ́tà kékeré kan. Mo gbé e fún un, mo jókòó síwájú rẹ̀, mò ń ṣa ẹ̀wà. Nígbà tó yá, ó wú ikọ́ díẹ̀.

“Màmá, ọdún wo gan-an ni wọ́n bí yín?”

Mo rẹ́rìn-ín sínú ẹ̀wà. Mo ní ìwé kóòtù tí Bàbá Fọláhànmí búra sí fún mi sọ pé 1950. Ó tẹ nǹkan. Mo ní ṣùgbọ́n ìwé ìrìbọmi mi ní 1947. Ó tún tẹ nǹkan. Mo ní ìyá mi tó bí mi sọ pé ọdún tí ogun Hitler parí ni. Ó tẹ̀ ẹ́. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ti ọkọ mi, ti Fọláhànmí, bóyá ti ewúrẹ́ wa pàápàá. Òógùn bo imú rẹ̀. Lẹ́ẹ̀kan náà ló gbé ọwọ́ kúrò.

“Màmá, ẹ̀rọ yín ti bàjẹ́ o.”

“Kò bàjẹ́,” mo ní. “Ó ti mọ̀ ọ́ ni.”

Ó gbàgbé ọsàn lọ. Ọsàn náà dùn.

Ṣùgbọ́n tí a bá ń rẹ́rìn-ín ẹlòmíràn, ká fi díẹ̀ sílẹ̀ fún ara wa. Nígbà tí Fọláhànmí ti ibi iṣẹ́ dé, tí mo fẹ́ fi hàn án pé èmi ni onílé, ẹ̀rọ náà ò dá mi lóhùn. Fọláhànmí ní ṣíìpù yẹn ti ń ka àṣìṣe Dọ̀tun láti ìgbà tó ti ń tẹ̀ ẹ́, pé tó bá ti tó iye kan, á panu dé sí gbogbo ayé fún wákàtí méjì. Mo ní àti èmi? Ó ní àti ẹ̀yin. Èmi Àṣàkẹ́! Mo jókòó síwájú rẹ̀, mo sọ fún un ẹni tí bàbá mi jẹ́. Kò mira. Mo fẹ́ràn rẹ̀ díẹ̀ sí i níbẹ̀. Ó lágídí.

Wákàtí méjì pé, mo tẹ nọ́ńbà mi, ó ṣí. Fọláhànmí gbé ìkòkò ata ka iná, ó ní ká dán kékeré wò kí ti Belema tó dé. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè: tàtàṣé abọ́ mẹ́fà, ata ṣọ́ńbọ́ abọ́ kan, òróró abọ́ méjì, irú ìlàjì abọ́, iyọ̀ kó má kọjá ìlà inú abọ́. Ó yíjú sí mi.

“Màmá, abọ́ wo?”

Mo ní abọ́ náà. Mo dìde lọ gbé e. Mo ti na ọwọ́ sórí pẹpẹ kí n tó rántí.

Ìyá Gafar, abọ́ tánganran ìyá mi, aláwọ̀ ewé, tó ní ìlà dúdú nínú, tí etí rẹ̀ họ níbi tí Gafar ti jù ú sílẹ̀. Ní ọdún 2004, ní àárọ̀ tí ẹ kó lọ sí Ọ̀fà, ta ló din ẹja sínú rẹ̀ fún yín jẹ lójú ọ̀nà? Ẹ jẹ ẹja. Abọ́ ò padà. Ogún ọdún ni ọwọ́ mi fi ń rántí bó ṣe fẹ̀ tó, kò sẹ́ni tó tọ́ ata náà wò tó mọ̀ pé abọ́ ò sí. Ọwọ́ náà ti wá gbàgbé báyìí. Fọláhànmí rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ó ní, “Màmá, a ti ilẹ̀kùn mọ́ Dọ̀tun, ẹ wá gbé kọ́kọ́rọ́ ránṣẹ́ sí Ọ̀fà.” Ó ní ká ní mo gbà kí òun wọ̀n ọ́n ni. Mo ti sọ èrò mi nípa ìmọ̀ràn fún ọ lókè.

Mo mọ ohun tó o fẹ́ sọ. Ní 2009 tí mo béèrè, o ní ọmọlúàbí kì í dá abọ́ padà lófo, pé ò ń wá ohun tó yẹ kó o fi sínú rẹ̀. Ní 2015, o ní ẹ̀gúsí ọdún náà ò dára. Nígbà ìsìnkú ọkọ mi, o wá, o sunkún dáadáa, o sì ní o ò lè gbé abọ́ òfìfo wọ ilé ọ̀fọ̀. Àpọ́nlé rẹ ti fẹ́ gba Belema lọ́wọ́ mi.

Bá mi kí Bàbá Gafar, kí Gafar, kí ìyàwó rẹ̀ bó bá wà nílé, kí gbogbo ọmọ. Fọláhànmí ní kí n kí ọ. Àkíbù awakọ̀, ọmọ Ọ̀fà, ló mú lẹ́tà yìí wá. Mo ti ní kó jókòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ, kó má dìde lọ́wọ́ òfo, kó má sì gba ẹ̀gúsí. Ọjọ́ Ajé ló ń padà bọ̀.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ láéláé, tó ni abọ́,

Débórà Àṣàkẹ́, ìyá Fọláhànmí.

Dá abọ́ mi padà. Lófo.