Ọjọ́ Odò Nínú Àpótí Géèmù

Ọjọ́ Ajé, 2 Fẹ́búárì

Ó ti rẹ̀ mí kí ọ̀sẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn sikiọ́rítì géètì tún mú Bàbá mi wá sílé láàárọ̀. Bàbá ń bi àwọn ọlọ́kọ̀ léèrè ọ̀nà etí ọ̀sà. Etí ọ̀sà wo? Wọ́n ti da yanrìn bo ibi tí Bàbá ń so ọkọ̀ ojú omi wọn mọ́ láti ọdún tó kọjá, ilé wa sì bá a lọ. Ìdí nìyẹn tí Bàbá fi wà lọ́dọ̀ mi ní Thomas Estate. Òkèlè mẹ́ta, wọ́n ti ṣan ọwọ́. Apẹja tó lo gbogbo ayé rẹ̀ lórí omi wá ń wo ògiri. Ẹ̀rù ń bà mí pé wọ́n á kú mọ́ mi lọ́wọ́ nínú páálọ̀ yìí.

Níbi iṣẹ́ — Ó-kù-díẹ̀ ní géèmù wa gbọ́dọ̀ jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ Máàṣì. (Ọ̀gá mi Olúdélé ni mò ń pè bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ni.) Ó kù díẹ̀. Láti ọdún tó kọjá ló ti ń kù díẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 3 Fẹ́búárì

Mo gbé géèmù náà wálé, mo fẹ́ dán an wò lórí tẹlifíṣọ̀n. Ọ̀dọ́kùnrin kan ló ń fi ọ̀kadà gbé ẹrù kiri láti Lekki dé Ajah. Ṣùgbọ́n bí èèyàn bá yà sí ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ kan, àpótí géèmù àtijọ́ kan wà ní kọ̀rọ̀ ibẹ̀. Tẹ bọ́tìnì rẹ̀, géèmù mìíràn á ṣí nínú géèmù: apẹja nínú ọkọ̀ ojú omi, àwọ̀n, ẹja. Èmi ni mo ṣe é. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni pé Bàbá ni mò ń rò nígbà tí mò ń ṣe é.

Bàbá wò ó títí. Wọ́n ní, "Ta ló kọ́ eléyìí ní àwọ̀n jíjù? Apá òsì rẹ̀ ti kú." Ọ̀rọ̀ tó gùn jù tí mo gbọ́ lẹ́nu wọn láti ìgbà Kérésì nìyẹn. Mo gbé páàdì géèmù lé wọn lọ́wọ́.

Ọjọ́rú, 4 Fẹ́búárì

Bàbá jẹ ẹ̀bà tán. Wọ́n ní kí n bù sí i.

Ọjọ́bọ̀, 5 Fẹ́búárì

Mo ti ibi iṣẹ́ dé, mo bá tẹlifíṣọ̀n ní pípa, páàdì wà nílẹ̀. Mo rò pé ó ti sú wọn. Wọ́n ní kò sú àwọn, ọjọ́ odò ni. Mo ti gbàgbé pátápátá. Nílé wa, ní ọjọ́ mẹ́sàn-án mẹ́sàn-án, ẹnikẹ́ni kì í da àwọ̀n sómi. Odò ń sinmi. Bàbá kì í pa ṣọ́ọ̀ṣì jẹ, wọn kì í sì í fi ọjọ́ odò ṣeré.

Mo ní Bàbá, inú ẹ̀rọ ni ẹja yìí wà o. Wọ́n wò mí bí ẹni ń wo ọmọ tí a ò kọ́ dáadáa.

Ọjọ́ Ẹtì, 6 Fẹ́búárì

Mo kọ ọjọ́ odò sínú àpótí náà. Ní ọjọ́ mẹ́sàn-án mẹ́sàn-án, á tì fúnra rẹ̀, á sì kọ ọ́ sójú pé: *Odò ń sinmi lónìí.* Mi ò gbàṣẹ lọ́wọ́ ẹnì kankan. Inú mi dùn díẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 13 Fẹ́búárì

Bàbá rẹ́rìn-ín lónìí.

Ọjọ́ odò ni, àpótí sì ṣí sílẹ̀ gbayawu. Wọ́n pè mí wá síwájú tẹlifíṣọ̀n bí ẹni pe ọlọ́ràn. Wọ́n ní báwo ni mo ṣe ka ọjọ́. Mo ní láti ọjọ́ kejì ọjọ́ odò ni mo ti bẹ̀rẹ̀, mo ka mẹ́sàn-án. Wọ́n ní, "Ọjọ́ odò fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ṣé àlejò ni?" Òótọ́ ni. Àwa máa ń ka ọjọ́ tí a ti bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn, kọ̀ǹpútà kì í kà á. Mẹ́jọ ló yẹ kí n kọ. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn, wọ́n ń pè mí ní Ìyá Oníṣirò. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo tún un ṣe kí n tó wẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 21 Fẹ́búárì

Àpótí tì bó ṣe yẹ. Bàbá wẹ̀, wọ́n gé èékánná, wọ́n sùn lọ́sàn-án. Ó pẹ́ tí mo ti rí ẹni tó sinmi báyìí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 24 Fẹ́búárì

Wàhálà. Rasheed — Ojú Àwòdì, òun ló ń wá àléébù inú géèmù wa — kọ ọ́ sílẹ̀ pé àpótí onígbàjámọ̀ kọ̀, kò ṣí ní Sátidé. Mo ṣàlàyé ní ìpàdé. Ó wu Rasheed gan-an, ó ní ká fi sílẹ̀. Ó-kù-díẹ̀ ò rí i bẹ́ẹ̀. "Tolú, story yẹn sweet o, mi ò lè parọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá download ẹ̀ lọ́jọ́ yẹn máa rò pé ó ti spoil ni. Jọ̀ọ́, yọ ọ́."

Mo jiyàn díẹ̀. Nígbà tó yá, agbára mi pin.

Ọjọ́bọ̀, 26 Fẹ́búárì

Mo yọ ọ́. Géèmù tó wà nílé náà á yí padà, torí láti ibi iṣẹ́ ló ti ń gba gbogbo ohun tuntun. Kò burú. Màá ṣe ti Bàbá sọ́tọ̀ ní Sátidé, kí ọjọ́ odò tó dé.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 28 Fẹ́búárì

Mo sùn. Mo jí, mo jẹun, mo tún sùn.

Ọjọ́ Àìkú, 1 Máàṣì

Inú ṣọ́ọ̀ṣì ni mo ti rántí. Orúnkún ń dun Bàbá, wọn ò bá mi lọ. Mo sáré délé. Wọ́n ti tan tẹlifíṣọ̀n láti wò ó bí odò ṣe ń sinmi. Àpótí ṣí sílẹ̀ níwájú wọn, ọwọ́ wọn ò kan páàdì. Ẹ̀rín wà lẹ́nu wọn. Wọ́n ní, "Ìyá Oníṣirò, o tún ti ṣì í kà."

Mo lè ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọn ì bá gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n mo sọ òótọ́: mi ò ṣì í kà, mo yọ ọ́ ni. Níbi iṣẹ́, wọ́n ní kí n yọ ọ́. Bàbá béèrè bóyá wọ́n nà mí. Mo ní rárá, sà.

Bàbá ní, "Àwọn tó da yanrìn sí wa létí omi náà, wọ́n ní kí wọ́n dà á ni."

Wọ́n dìde, wọ́n wọ yàrá. Ojú tì mí débi pé mi ò lè sunkún.

Ọjọ́ Ajé, 2 Máàṣì

Àbúrò mi Oyinkọ́lá wá mú Bàbá lọ sí Awoyaya, sílé rẹ̀. Bàbá fúnra wọn ló pè é. Báàgì kékeré kan. Wọ́n gbàdúrà fún mi kí wọ́n tó lọ, ìyẹn ló dùn mí jù.

Ọjọ́bọ̀, 5 Máàṣì

Géèmù jáde. A gé kéèkì níbi iṣẹ́. Ojú Àwòdì ní àwọn èèyàn ti ń rí àpótí náà, wọ́n sì fẹ́ràn rẹ̀ ju ọ̀kadà lọ. Mo jẹ kéèkì.

Ọjọ́ Àìkú, 8 Máàṣì

Mo ṣe ti Bàbá sọ́tọ̀, sórí fóònù mi. Mo ka ọjọ́ rẹ̀, mo tún un kà.

Ọjọ́ Ajé, 9 Máàṣì

Ọjọ́ odò. Mo gbàyè níbi iṣẹ́, mo lọ sí Awoyaya. Oyinkọ́lá ní Bàbá ń jẹun, wọ́n sì ń bá àwọn apẹja àdúgbò tún àwọ̀n ṣe. Mo bá Bàbá lórí bẹ́ǹṣì lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù tí Oyinkọ́lá ti ń ta páìpù omi. Mo fi fóònù hàn wọ́n: *Odò ń sinmi lónìí.* Wọ́n kà á. Wọ́n ní mo kà á pé.

Lẹ́yìn náà wọ́n ní, "Èyí tó wà lọ́wọ́ gbogbo ayé ńkọ́?"

Mo ní ó ṣí sílẹ̀.

"Wọ́n ń pẹja níbẹ̀ lónìí?"

Mo ní wọ́n ń pẹja, sà.

Wọ́n dá fóònù padà fún mi. Wọn ò bínú. "Tolúwani, ẹnì kan kì í dá pa ọjọ́ odò mọ́."

Wọ́n sún díẹ̀ kí n lè jókòó. Mo jókòó tì wọ́n. Nígbà tí mo fẹ́ máa lọ, wọ́n ní kí n bá àwọn kó aṣọ tó kù nílé mi wá. Mo ní ó dáa, sà.

Aṣọ náà ò ju mẹ́rin lọ. Mo ti ká wọn. Mo tú wọn, mo tún ń ká wọn.