Ewé Etí Odò Bàbá Rẹ Ti Fìdí Múlẹ̀ ní Àgége

Àgége, Ìpínlẹ̀ Èkó.

Ìyá Láídé, aya mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ kú ìtọ́jú ọmọ. Àdúrà mi ni pé kí lẹ́tà yìí bá gbogbo yín nínú ìlera, kí ẹ̀yìn má sì máa dùn ọ́. Ara tèmi le. Nusrat, ayálégbé wa, ló ń bá mi kọ ọ́, nítorí lórí fóònù, igbe ọmọ kì í jẹ́ kí o gbọ́ mi tán.

O lọ tọ́ ọmọ Láídé; ọmọ ti ń rìn báyìí, o ò tíì padà. O ní ooru jẹnẹrétọ̀ ilé iṣẹ́ tó wà lẹ́yìn ọgbà wa ti sú ọ, pé ká ní a ní ibi tútù bí etí odò bàbá rẹ ní Ìjẹ̀bú ni, ò bá ti padà.

Mo lọ sí etí odò náà. Mo hú àwọn ewéko ńlá ibẹ̀, àwọn tí orí wọn máa ń kákò bí ìka ọmọ tuntun kí wọ́n tó ṣí. Abẹ́ máńgòrò àti àgbálùmọ̀ wa ni mo gbìn wọ́n sí, níbi tí oòrùn kì í dé. Mo bomi rin wọ́n, wọ́n gbẹ. Mo tún bomi sí i, wọ́n tún gbẹ. O mọ̀ mí, n kò gbà.

Àṣé Nusrat ló ń bọ̀wọ̀ fún mi. Kí n tó jí láràárọ̀ ló ti ń gbá abẹ́ igi náà mọ́ tónítóní, bí ọmọ gidi ṣe ń gbálẹ̀ fún àgbà. Ìgbà tí mo padà lọ hú òmíràn ni mo wo ilẹ̀ etí odò náà dáadáa: ewé tó jábọ́ tó ń jẹrà ló bo gbòǹgbò wọn, òun ló ń mú ilẹ̀ tutù. Ta ló ń gbálẹ̀ igbó? Mo ní kó má gbá ibẹ̀ mọ́. Ó ní, “Bàbá, àwọn ará àdúgbò á ní ìyàwó yín ti lọ, kò sẹ́ni tó ń gbálẹ̀ fún yín.” Mo ní, “Ṣé irọ́ ni wọ́n pa ni?” Ó ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń kọ èyí.

Ewé náà ti ga dé àyà mi. Lọ́sàn-án, mo máa ń gbé àga méjì sáàárín wọn. Làsísì aládùúgbò wa wá jókòó sórí tìrẹ lánàá. Mo ní kó dìde.

Láídé ní òun ti ṣètò yàrá fún mi ní Ìbàdàn. Mo ti ní n kò lọ. Ṣùgbọ́n wá jókòó níbí ná. Bí o bá jókòó tán, tí o ní Ìbàdàn náà ló tẹ́ ọ lọ́rùn, màá di ẹrù mi, màá bá ọ lọ.

Kí Ọlọ́run tí ó so wá pọ̀ dá ọmọ náà sí fún wa, kó sì mú ẹsẹ̀ rẹ wálé ní àlàáfíà.

Èmi ni ọkọ rẹ tó ń retí rẹ,
Bàbá Láídé.

Àfikún: Rélùwéè Ìbàdàn ń dúró ní Àgége níbí. Bí o bá ń bọ̀, ní kí Láídé pè mí. Màá ti wà níbẹ̀ kí ọkọ̀ tó dé. Bí o kò bá sì fẹ́ wá, má fi rán ẹnikẹ́ni. Wá fi ẹnu ara rẹ sọ ọ́ fún mi níbí.