Èéfín Tó Gba Inú Fóònù Kọjá

Ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo sì kí ọmọ tuntun tó wà lọ́wọ́ rẹ. Ṣé ara yín le? Ṣé ẹ ń rí oorun sùn, àbí ọmọ náà ṣì ń fi òru ṣe ọ̀sán? Ọlọ́run yóò bá wa dá a sí, ọmú rẹ ò ní gbẹ, apá rẹ ò sì ní rẹ̀ láti máa gbé e. Àlàáfíà ni àwa náà wà níbí, àfi orúnkún mi tó ń ké bí ilẹ̀kùn tí wọn ò fi epo sí, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ orúnkún ni mo fẹ́ kọ. Ọ̀rọ̀ bàbá rẹ ni. Jókòó kí o tó kà á.

Bàbá rẹ ti fi sìgá sílẹ̀.

Mo mọ̀ pé o ò ní gbà mí gbọ́. Èmi náà ì bá má gbà á bí kì í bá ṣe pé ojú mi ló ṣe. Sìgá tí wọ́n ti ń mu kí wọ́n tó mọ̀ mí, tí wọ́n mu lọ́jọ́ ìgbéyàwó wa, tí wọ́n ń mu lọ́jọ́ tí mo fẹ́ bí ọ títí tí agbẹ̀bí fi lé wọn jáde. Ìyálé mi ni mo máa ń pè é, torí pé òun ni mo bá nílé. O ṣáà mọ bí ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ wọn ṣe rí, sìgá á wà ní igun ẹnu, ẹsẹ̀ á máa wa ẹ̀rọ, eérú á máa já lé aṣọ oníbàárà. Gbogbo ṣòkòtò tó bá jáde níbẹ̀ ló ń rùn bí ìdí àdògán, bí ẹnìkan bá sì rí ihò kékeré lára aṣọ rẹ̀, bàbá rẹ á ní ibẹ̀ ni atẹ́gùn máa gbà wọlé.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. Lọ́jọ́ tí o pè wá lórí fóònù tó ń fojú hàn, tí o gbé ọmọ sókè kí a lè rí i, bàbá rẹ wà nídìí ẹ̀rọ, sìgá wà lẹ́nu wọn. Inú wọn dùn débi pé wọ́n sún mọ́ fóònù, wọ́n fẹ́ bá ọmọ ṣeré, ni èéfín bá tú jáde wùù lé e lójú. Lójú ẹsẹ̀ ni ọmọ wúkọ́. Mo figbe ta pé wọ́n ti pa ọmọ ọlọ́mọ. Mo já fóònù gbà, mo fi etí ìró mi nu ojú rẹ̀, mo gbé e síta kí atẹ́gùn lè fẹ́ sí i, mo sì dojú rẹ̀ dé kí èyí tó kù nínú èéfín náà lè dà jáde. Ìdí nìyẹn tí o fi rí òkùnkùn, tí ò ń bi wá pé kí ló dé. Nígbà tí o wá ní ọ̀fìnkìn ló ń da ọmọ láàmú láti àná, mo mọ̀ pé ò ń bo bàbá rẹ láṣìírí ni.

Wọ́n kọ́kọ́ bá mi jiyàn. Wọ́n ní ọ̀nà wo ni èéfín fẹ́ gbà. Mo ní ọ̀nà tí ohùn ń gbà náà ni, ṣebí atẹ́gùn ni ohùn, atẹ́gùn náà sì ni èéfín. Wọ́n wo sìgá, wọ́n wo fóònù, wọ́n sì tẹ iná sìgá náà pa. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́. Wọ́n ní, "Mi ò fẹ́ kó jẹ́ pé ikọ́ ni ọmọ yẹn máa fi mọ̀ mí."

Ìgbà yẹn ni mo ránṣẹ́ sí ọ, tí ìwọ náà fi bébà alẹ̀mọ́ra yẹn rán awakọ̀ sí wa, pé ó máa ń gba sìgá lọ́wọ́ ẹni. O ṣeun, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n ìwé tó wà nínú páálí rẹ̀, lẹ́tà rẹ̀ kéré bí ẹsẹ̀ èèrà, ni mo bá fi òye ṣe é. Ẹnu ló ń mu sìgá, ẹnu náà ni mo lẹ̀ ẹ́ mọ́, mo fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ dáadáa kó má baà ṣí. Bàbá rẹ jókòó sí ṣọ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀ ní gbogbo àárọ̀. Tíṣà tó ń gbé ẹ̀yìnkùlé wa wá rán ṣòkòtò, bàbá rẹ ò lè bi í bó ṣe fẹ́ kó gùn tó, ọwọ́ ni wọ́n ń jù, Tíṣà náà ń mi orí, ibi tí ṣòkòtò náà sì parí sí ni orúnkún. Ọkùnrin náà rò pé èmi ni mo fi ìbínú dí ọkọ mi lẹ́nu. Ó dọ̀bálẹ̀ fún mi láàárín ọjà, ó ní ohun yòówù kí Bàbá ti sọ, kí n jọ̀ọ́ foríjì wọ́n.

Nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn ló bá wa ṣí i. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di orí ìjókòó mú, ó wá lẹ òmíràn mọ́ apá wọn. Mo bi í pé kí ló kan apá nínú ọ̀rọ̀ sìgá, ó ní inú ẹ̀jẹ̀ ló ń gbà lọ. Mo gbà fún un, ìwé tó kà pọ̀. Òun náà ló fi nǹkan kan sínú fóònù bàbá rẹ tó máa ń kọ̀wé sí wọn lójoojúmọ́ láti gbà wọ́n níyànjú, ni bàbá rẹ bá gbà pé fóònù ń ṣọ́ àwọn.

Ọmọ mi, ojú wa rí nǹkan. Bàbá rẹ bá ewúrẹ́ jà, wọ́n bá abẹ́rẹ́ jà, wọ́n bá mi jà pé mo ń mí sókè jù. Wọ́n ń fi bọ́tìnnì sẹ́nu dípò sìgá, títí wọ́n fi gbé ti ẹ̀wù awakọ̀ kan mì. Àyà ẹ̀wù náà ṣì là sílẹ̀ di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan mo wá wọn tì. Mo rí fóònù wọn lábẹ́ abọ́ ìfọṣọ, wọ́n dé e mọ́lẹ̀ kó má baà rí wọn. Mo gbójú sókè, mo rí èéfín tó ń yọ lókè balùwẹ̀. Ìgbà náà ni fóònù dún lọ́wọ́ mi. Mo ṣí i, ó kọ ọ́ pé: "Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá. Ẹ ò fẹnu kan sìgá lónìí." Mo bínú sí fóònù náà gan-an, torí mi ò mọ̀ pé ó máa ń purọ́. Mo gbé e lọ sẹ́yìn ògiri balùwẹ̀, mo sì kà á sókè ketekete. Lẹ́yìn náà mo gbọ́ tí omi dà ṣàà, ni bàbá rẹ bá jáde tòun ti bùbá àti ṣòkòtò, omi ń já tótó lára wọn. Wọ́n ní àwọn ń wẹ̀ ni. Mo ní ẹ kú ìwẹ̀.

Wọn ò lè wo ojú mi. Wọ́n na páálí sìgá tó ti rin gbingbin sí mi, wọ́n ní ohun tó dun àwọn ni pé fóònù gba àwọn gbọ́. Láti ọjọ́ náà, wọn ò mu ún mọ́.

Wàhálà tó kù báyìí ni ti imú, torí pé imú wọn ti jí. Ọbẹ̀ mi tí wọ́n ti ń jẹ láti ìgbà èwe wa, wọ́n tọ́ ọ wò lọ́jọ́sí, wọ́n ní ṣé bó ṣe máa ń rí nìyí. Mo ní kí wọ́n padà sídìí sìgá wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí o fi ẹ̀wù ọmọ ránṣẹ́ kí wọ́n lè fi wọn òmíràn, wọn ò fi tépù kàn án. Wọ́n gbé e sí imú, wọn ò sì tètè gbé e kúrò. Wọ́n ní, "Ṣé òórùn ọmọ tuntun nìyí?" Wọ́n ní àwọn gbé ìwọ náà títí nígbà tí o wà lọ́mọ ọwọ́, àwọn ò sì gbọ́ òórùn kankan lára rẹ. Mo ṣe bí ẹni tó ń lọ aṣọ. Kò sí iná nínú áyọ́ọ̀nù náà.

Nítorí náà, jọ̀ọ́, fi owó ọkọ̀ èèyàn méjì ránṣẹ́, kí o fi díẹ̀ lé e tí màá fi ra gèlè, n kò lè bá ọkọ tí imú rẹ̀ ti jí rìn pẹ̀lú gèlè àtijọ́. Má fi í ránṣẹ́ lórí fóònù o. Ìyẹn tí o fi ránṣẹ́ níjelòó, obìnrin tó ń bá wa gba owó ní ó há sókè, bàbá rẹ sì dúró lábẹ́ òpó nẹ́tíwọ̀kì pẹ̀lú àpò títí oòrùn fi wọ̀, kò já bọ́. Awakọ̀ ni kí o fún. Lọ́jọ́ tí a bá sì máa dé, má fi ọṣẹ olóòórùn wẹ ọmọ, má sì fi páúdà kankan sí i lára. Jẹ́ kí bàbá rẹ bá a bó ṣe wà.

Kí ilé rẹ tòrò, kí ọmọ rẹ dàgbà lójú rẹ, kí ìwọ náà gbó kí o tọ́ láti gbé ọmọ tirẹ̀ jó.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.