Táyà Katakata Tí Mo Fi Abẹ́rẹ́ Rán

Agboolé Èjìdé,
Bẹyẹrúnkà, Ìbàdàn.

Qúdrát Àyìnkẹ́ ọmọ mi,

Àsàláàmù àlékùm. Ṣé àlàáfíà lo wà ní Àbújá níbẹ̀ yẹn? Ṣé o ń jẹun, ṣé o ń sùn, ṣé òtútù ẹ̀rọ tó ń fẹ́ ní ọ́fíìsì yín kò tíì wọ̀ ọ́ léegun? Bó o bá fẹ́ mọ bí èmi náà ṣe wà, ara mi le koko, àfi ọwọ́ òsì mi tó ń ro mí díẹ̀, ìrora ayọ̀ sì ni. Muslimat, ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ, ní kí n kúkú sọ ọ̀rọ̀ yìí sínú fóònù kó o lè gbọ́ ohùn mi. Mo ní rárá o. Gbogbo ìgbà tí mo bá sọ̀rọ̀ sínú fóònù yẹn ni ẹnì kan máa ń fi àmì kéékèèké méjì sí i, bí ìgbà tí tíṣà bá ń máàkì iṣẹ́, mi ò sì mọ ẹni náà. Ọ̀rọ̀ tí mo ní lónìí kì í ṣe èyí tí àjèjì máa máàkì. Mo bá wá bírò.

Ẹrù tó o fi ránṣẹ́ dé o. O ṣé, ọmọ mi. Ọkùnrin tó gbé e dé gáréèjì ní kí n sọ kóòdù tó wọlé sórí fóònù mi kóun tó lè gbé e lé mi lọ́wọ́. Àyà mi já, nítorí ìwọ náà lo kìlọ̀ fún mi pé ẹnikẹ́ni tó bá ti ń béèrè nọ́ńbà orí fóònù, olè ni. Mo bi í pé ọmọ ilé ibo ni, ó sọ fún mi. Mo ní kó kọ̀yìn sí mi kí n tó sọ nọ́ńbà náà, ó kọ̀yìn, mo wá rọra sọ ọ́ sí i létí látẹ̀yìn kó má baà rí ẹnu mi. Ó rẹ́rìn-ín títí, ó sì gbé ẹrù fún mi. Olè kì í rẹ́rìn-ín báyẹn, ni ọkàn mi bá balẹ̀. Nígbà tí mo tú u, mo rí irin ọlọ́wọ́ méjì, ọ̀kan ní eyín bí ayùn, èkejì ní ojú bí abẹ́rẹ́. Mo rí àwọn okùn dúdú kéékèèké tó ń lẹ̀ mọ́ọ̀yàn lọ́wọ́ bí àtè, àti ìgò omi kan tó ki bí ògì. Mo ti gbé kọ́ọ̀bù sílẹ̀, mo rò pé àgbo ẹ̀yìn dídùn ni, kí Muslimat tó ka ara ìgò náà pé òògùn táyà tó ń jò ni. Ó ní o rà á nítorí mo sọ fún ọ pé táyà katakata ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa kì í pẹ́ jò. Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé táyà náà ń loògùn.

Wá gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ilé. O mọ ilẹ̀ bàbá rẹ tó wà ní Abà Èjìdé, lọ́nà Akànràn, èyí tí bàbá rẹ fi ń gbin ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo kí Ọlọ́run tó pè wọ́n. Sàlámì àbúrò wọn pe ìpàdé ẹbí lé mi lórí. Inú ń bí mi, torí náà mi ò ní pè é ní “wọ́n” nínú lẹ́tà yìí, àgbà tó bá fẹ́ “wọ́n” kó hùwà àgbà. Ó ní ilẹ̀ náà ti di igbó eèsún, ó ní opó kò lè dáko, ó ní òun ti rí àwọn ará Èkó tó fẹ́ rà á kọ́ òtẹ́ẹ̀lì. Mo fò dìde. Mo ní ilẹ̀ tí a fi èrè rẹ̀ rán Qúdrát níléèwé ló fẹ́ kí àlejò máa sùn lé lórí yẹn? Mọ́gàjí wa ní ká dákẹ́. Wọ́n ní àwọn kò fẹ́ ariwo, àwọn á wá wo ilẹ̀ náà fúnra àwọn lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Báwọn bá bá ebè níbẹ̀, oko ni, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fẹnu kàn án mọ́. Báwọn ò bá bá ebè, kí Sàlámì tà á.

Mo gba àwọn tó gé eèsún nílẹ̀, mo lọ bá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa ní Bẹẹrẹ, wọ́n ní Sátidé ni katakata máa kàn mí, ọjọ́ kan péré, nítorí àwọn ará Mọ́níyà ti ń retí rẹ̀. Sàídì tó ń wà á gbé e dé láàárọ̀ kùtù. Ó tú ilẹ̀ díẹ̀, inú mi ń dùn, ni katakata bá fì sápá kan bí àgùntàn tó ṣẹ́ lẹ́sẹ̀. Irin ọkọ́ kan tó ti kán sínú ilẹ̀ látijọ́ ló gún táyà iwájú. Nígbà tí mo wò ó dáadáa, ọkọ́ bàbá rẹ ni! Mo bi wọ́n níbi tí mo dúró sí pé bàbá Qúdrát, ṣé ẹ̀yin náà ti gba ti Sàlámì ni?

A ránṣẹ́ pe Muhydeen tó ń lẹ táyà ní Ìdí Àrẹrẹ. Ó dé tòun ti ẹ̀rọ tó fi ń fẹ́ táyà, ó wò ó, ó horí. Ó ní táyà yìí kò ní tíúbù nínú, tíúbù sì lòun mọ̀ ọ́n lẹ̀, àfi ká yọ ọ́ ká gbé e lọ sígboro, ó sì di Mọ́ńdè. Sàídì lọ jókòó sábẹ́ igi, ó ń pe àwọn ará Mọ́níyà. Mo káwọ́ lérí. Omi ti ń dà lójú mi kí n tó rántí òògùn rẹ, mo sì ní kí Muslimat gun ọ̀kadà lọ gbé e wá.

Ó gbé e dé, ó tún mú òyìnbó tó o fi sínú fóònù wá, èyí tó ń lẹ táyà. Mo tún gèlè mi wé kó tó jáde, mi ò fẹ́ kó bá mi lórí òfìfo. Mo kí i pé ẹ kú iṣẹ́ o, kò dáhùn, iṣẹ́ gbà á lọ́kàn. Ó yára jù. Mo ní ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra ṣe é, kò gbọ́, àfi ìgbà tí Muslimat fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ láyà ló tó dúró gbagidi, tọwọ́ tọwọ́ lókè. Ó ṣe mí láàánú. Nígbà tó yá, nǹkan kan bẹ̀rẹ̀ sí í yí pòòyì níwájú orí rẹ̀, mo ní òòyì ti ń kọ́ ọ, oòrùn Akànràn kì í ṣe ẹgbẹ́ tiwọn. Muslimat ní dátà ló tán. Ṣùgbọ́n mo ti rí èyí tí mo fẹ́ rí. Aṣọ ló ń rán! Ó fi okùn sójú abẹ́rẹ́, ó gún un wọlé, ó fà á jáde. Kí wá ni mo ti ń ṣe ní Bẹyẹrúnkà kí n tó bí ọ?

Mo po ọṣẹ dúdú, mo pa á sára táyà, ó ń hó pùkẹ̀pùkẹ̀ níbi tí irin wà, ó tún ń hó wẹ́wẹ́ láwọn ibi tí ẹ̀gún ti gún un. Sàídì fi ẹ̀mú fa irin yọ, afẹ́fẹ́ tú jáde fùùù sí mi lójú. Mo fi irin eléyín gbo ihò náà yíká. Mo fi okùn sójú abẹ́rẹ́ láìwọ awò, ẹ̀ẹ̀kan náà ló wọlé. Muhydeen ní òun ń bẹ̀rù kó má lọ bẹ́, mo ní kó wá dì í mú pẹ̀lú mi, kó sì pa ẹnu mọ́. A ní Bísímílà, a tì í, kò lọ. A tún tì í, èmi, Muhydeen àti Sàídì, gbogbo iṣan ọwọ́ òsì mi ń pariwo, ló bá wọlé ṣọ́ọ́. Mo fa abẹ́rẹ́ yọ kíá, okùn dúró sínú. Ó wá ku àwọn ojú ẹ̀gún. Muhydeen ṣí ìdodo táyà, ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, a rọ omi bí ògì náà sínú rẹ̀, mo ń ṣàdúrà sí i bí a ṣe ń ṣe sí àgbo, ó fẹ́ ẹ, Sàídì sì wà á síwá sẹ́yìn kí òògùn lè kárí ara. Mo tún pa ọṣẹ sí i.

Qúdrát, kò hó! Kò hó rárá! Mo pariwo Àláhù Àkúbárù, ẹyẹ fò lórí ọ̀pẹ. Muslimat ń jó, Muhydeen ń fọwọ́ pa táyà lára bí ẹni ń pa ọmọ tuntun lára. Sàídì kò tiẹ̀ dúró jẹun, kí oòrùn tó wọ̀, gbogbo ilẹ̀ bàbá rẹ ti di ebè, ó tò lọ rẹrẹ.

Ní Sọ́ńdè, Mọ́gàjí dé, Sàlámì náà dé pẹ̀lú àwọn ará Èkó rẹ̀ nínú jíìpù ńlá, wọ́n wọ bàtà tó ń dán, wọ́n mú okùn ìwọnlẹ̀ dání. Mọ́gàjí dúró lórí ebè, wọ́n bu erùpẹ̀, wọ́n gbóòórùn rẹ̀, wọ́n ní oko ni. Sàlámì ní katakata kì í ṣe àgbẹ̀. Mọ́gàjí ní ọkọ́ náà kì í ṣe àgbẹ̀, ẹni tó mú un wá sóko ni àgbẹ̀. Ó tán. Mo kúnlẹ̀ lórí ebè bàbá rẹ.

Àwọn ará Èkó yí jíìpù padà, kùkùté kan bá gún táyà wọn, fùùù! Wọ́n gbé táyà ìkejì sílẹ̀ látẹ̀yìn jíìpù, òun náà kò ní afẹ́fẹ́. Wọ́n bẹ Muhydeen tó bá mi wá lọ́jọ́ náà, ó nàka sí mi, ó ní màmá yìí ló ń rán an. Mo rán an fún wọn. Kì í ṣe pé mo fẹ́ràn wọn, mo fẹ́ kí wọ́n tètè máa lọ ni. Ta lo rò pé ó lóṣòó tó bá mi gbé igbá ọṣẹ? Sàlámì ni! Ó ní ìyàwó wa, ẹ kú ọwọ́ o, ẹ má bínú. Ẹni tó bá ti gbé igbá ọṣẹ fún mi, mi ò bá a jà mọ́. Wọ́n kí ọ o, àbúrò bàbá rẹ.

Jọ̀ọ́, fi okùn dúdú sí i ránṣẹ́, nítorí àwọn ọlọ́kadà Bẹyẹrúnkà ti ń gbé táyà tó jò wá sílé wa. Tún bá mi wá owó díẹ̀ fún irúgbìn àgbàdo, òjò ti ṣú. Ṣùgbọ́n má fi sí báńkì. Ẹ̀rọ tó wà lára ògiri lọ́nà Mápó bi mí lọ́jọ́sí bóyá mo fẹ́ rìsíìtì, mo ní rárá, owó ni mo fẹ́, ó bá pọ káàdì mi padà sí mi. Ẹ̀rọ tó ń bínú báyẹn kò ṣe é fọkàn tán. Fi rán èèyàn tó lójú tó lẹ́nu.

Ọ̀nà tó o bá ń tọ̀ kò ní gún ọ lẹ́sẹ̀. Ohun tó o bá dì mú kò ní jò mọ́ ọ lọ́wọ́. Ibi tí agbára rẹ bá ti fẹ́ pin, Ọlọ́run á fi èèyàn méjì sí i tí yóò bá ọ tì í, yóò sì wọlé. Àmín.

Èmi ni ìyá rẹ,
Sọ̀fíyàt aránṣọ, arántáyà.