Ìkọ́kọrẹ́ Tí Moṣọpẹ́ Sè Lójú Ayé

Moṣọpẹ́ ọmọ mi,

Ẹnu mi ló ń sọ ọ́, àǹtí rẹ Mọ́ṣádé ló ń bá mi kọ ọ́. Àbújá dára. Ara mi le. Ọwọ́ ọ̀tún mi kàn ń sinmi díẹ̀ ni.

Wọ́n ní o fẹ́ jáwọ́ nínú oúnjẹ aṣaralóore tí o ń kọ́ àwọn ọmọ fásitì lórí Tiktok, torí ẹnì kan kọ ọ́ sábẹ́ fídíò ìkọ́kọrẹ́ rẹ pé, "Àǹtí, ṣé ẹ fẹ́ fi rẹ́ ògiri ni?" Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ọmọ Ìjẹ̀bú wo ló ń ro ìkọ́kọrẹ́ nígbà tí ewùrà kò tíì jinná? Dà á sínú ọbẹ̀ ní kókó-kókó, dé e, má fọwọ́ kàn án títí yóò fi dì.

Ṣùgbọ́n epo rẹ kò pọ̀, o kò da màgí sí i, ẹja tútù àti ẹ̀fọ́ kún inú rẹ̀. Dókítà pariwo iyọ̀ títí, mi ò gbọ́. Ìwọ lo jẹ́ kí n gbọ́. Mọ́ṣádé sè é bí o ṣe wí, mo sì jẹ ẹ́ tán. O mọ nǹkan tí ò ń ṣe.

Nítorí náà, tún un sè lójú wọn. Lẹ́yìn ìyẹn, kọ́ wa bí èèyàn ṣe ń fi ọwọ́ òsì nìkan rin ewùrà. Ó lè wúlò fún ẹnì kan.

Bá mi kí bàbá rẹ àti àwọn ará Ìmùṣin. Sọ fún wọn pé mò ń jẹun dáadáa.

Ìyá rẹ àgbà